Ọkùnrin Tó Gé Gàárì Bàbá Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá àgbà mi sí itẹ́ òkú tó wà lápá Eastbrookend, ọkùnrin tó ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún ìjọ sọ pé ṣuméka ni. Òjò ń rọ̀ wínníwínní, àwọn tó gbé pósí ti ń wo aago, kò sì sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Èmi náà ò la ẹnu mi. Ká ní Bàbá ń gbọ́ wa ni, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ì bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí orúkọ tó kórìíra tó ìyẹn. Ìyá kan nínú ìjọ Màmá, ìyá àgbà mi, pè é bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó sì gbé bàtà rẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti yọ wá sílé wa ní Upney, ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá gba bàtà náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó dá a padà fún un jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹsẹ̀ yín ń ṣe, ìyá. Ẹ̀yìn ẹṣin ni èmi ń ránṣọ fún."

Ẹ̀yìn ẹṣin, ní Upney, níbi tí kò sí nǹkan mìíràn ju ilé tó so kọ́ra àti ọkọ̀ ojú irin lọ. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kì í ṣàwàdà. Oníṣẹ́ gàárì ni bàbá àgbà mi, ọmọ oníṣẹ́ gàárì. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe báàgì ló kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ó ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, inú ahéré onípákó tó wà lẹ́yìnkùlé wa ló máa ń wà, tó ń tún gàárì àti ìjánu ṣe fún àwọn tó ń sin ẹṣin ní Essex. Abẹ́rẹ́ méjì ló máa ń fi sẹ́nu òwú ọ̀gbọ̀ kan, ọ̀kan láti ọ̀tún, èkejì láti òsì, wọ́n á sì pàdé nínú ihò kan náà. Ó ní bí ọ̀kan bá já, èkejì á ṣì di awọ náà mú.

Bàbá tó bí i, tí èmi ò bá láyé, ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ọ̀yọ́ ni agboolé wọn wà, ilé àwọn tó ń fi awọ ṣiṣẹ́. Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti mú baba yìí lọ sí Òkè Ọya, kó lọ máa tún gàárì àwọn sójà ẹlẹ́ṣin ṣe. Ọkọ̀ òkun ló ń kó àwọn gàárì náà wá láti ìlú òyìnbó. Irin tó tẹ̀ kọrọdọ bí afárá wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, pátákó pẹlẹbẹ so wọ́n pọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, awọ ìjókòó wà lórí rẹ̀, aṣọ onírun tó nípọn sì wà lábẹ́, kó má baà bó ẹṣin lẹ́yìn. Iṣẹ́ tó dára ni. Bàbá ò sọ ọ́ rí pé kò dára. Àmọ́ ẹṣin òyìnbó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹṣin Òkè Ọya kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ sì mú bíi ti ewúrẹ́. Sójà á gùn ún láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, irin á ti jẹ wọnú ẹran. Iṣẹ́ baba náà ni kó máa gbẹ́ pátákó, kó máa fi awọ àti irun dí àlàfo, títí gàárì á fi jókòó sára ẹṣin bí ọmọ ṣe ń jókòó sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ogun dé, wọ́n kó ẹṣin àti èèyàn wọ inú igbó lápá ìlà-oòrùn. Eṣinṣin tó ń pa ẹran wà nínú igbó yẹn. Ohun tí baba náà sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé ìdúró ni àwọn ẹṣin náà ń kú sí, pẹ̀lú gàárì lẹ́yìn wọn, gàárì tí òun ti fi ọwọ́ ara òun tún ṣe tí kò sì bó wọn lára rárá. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, orí aláàárù ni gàárì ń gùn. Bàbá máa ń sọ ìtàn yìí láìyí ohùn padà, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Ibì kan náà ló máa ń parí sí: "Gbogbo gàárì ló padà wálé. Ẹṣin kan ò padà."

Ọ̀kan nínú àwọn gàárì yẹn ló wà lórí igi ní pálọ̀ wa. Nígbà tí ọkọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin, tí àwọn ọ̀gá sójà kó ohun tí wọn ò nílò mọ́ jù síta, baba náà gbé ọ̀kan lọ sílé ní Ọ̀yọ́. Ó tú u, ó tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kú, Bàbá jogún rẹ̀. Nígbà tí Bàbá àti Màmá ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní fi í sílẹ̀. Màmá ò dárí ẹrù yẹn jì í rí. Bí àlejò bá wọlé tó béèrè pé kí ni nǹkan tó wà lórí igi yìí, Màmá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyàwó ẹlòmíràn rí gàrí gbé wá sí ìlú òyìnbó. Gàárì ni tèmi."

Peckham ni a kọ́kọ́ gbé kí a tó kó wá sí Upney. Ilé kánsù, ti ìjọba ìbílẹ̀, ni ilé Upney yìí, ọ̀rinrin sì wà nínú ògiri rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti débẹ̀. Nǹkan dúdú máa ń hù láti igun pálọ̀, á gun ògiri lọ bí èèrà. Awọ àti ọ̀rinrin kì í gbé pọ̀. Nítorí náà, gbogbo àárọ̀ ni Bàbá ń nu ògiri náà kó tó mu tíì, lẹ́yìn náà á fi aṣọ tó ní òróró díẹ̀ pa gàárì lára, lábẹ́, láàárín àwọn àlùkẹ́ḿbù, irin ìtẹsẹ̀ tí bàtà sójà ti mú dán. Kánsù rán èèyàn wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀. Ọmọkùnrin tó wá náà ò ṣe méjì, ọ̀dà funfun ló kùn lé dúdú náà lórí. Ó bi Bàbá bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá wo ògiri náà, ó wo ọmọkùnrin náà, ó ní, "O kùn ún dáadáa. Ó ń padà bọ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe pé ó burú, kò sì le mọ́ èèyàn. Ó kàn jẹ́ pé kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Òwe gan-an, ó máa ń bá a jà. Nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, tí Mọ́mì, ìyá tó bí mi, sọ fún mi pé bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni, Bàbá gbójú sókè láti ìdí ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó ní àwọn tó pa òwe yẹn ò tíì rí ẹni tí ẹṣin dá rí, kí wọ́n gbọ́ bí eegun ẹ̀yìn ṣe ń dún. Mọ́mì ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ẹ jẹ́ kí n tu ọmọ mi nínú." Bàbá ní òun ò dá a dúró. Ó yí sí mi, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó dùn ọ́, àbí? Jẹ́ kó dùn ọ́."

Lọ́jọ́ mìíràn, pásítọ̀ Mọ́mì wá kí wa, ó sì ń sọ fún wa pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, pé kí àwa ọmọ máa wo àwọn àgbà. Bàbá fún un ní omi. Ó dúró kó mu ún tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun, pásítọ̀. Ẹṣin iwájú ti ṣubú o. Eruku ni kò jẹ́ kí tẹ̀yìn rí i."

Ìjà tó pẹ́ jù lọ nínú ayé rẹ̀ ní àdúgbò yẹn, òun àti Ray ni, aládùúgbò wa tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Dagenham títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọ́n máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹnì kan lápá ibí, ẹnì kan lápá ọ̀hún, wọ́n á jọ máa bú ìjọba. Bàbá àgbà Ray wà lára àwọn tó ń da ẹṣin tó ń fa ìbọn ńlá nínú ogun kan náà yẹn, ní ilẹ̀ Faransé. Ó fi ìjánu kan sílẹ̀, àti okùn awọ gígùn tí wọ́n fi ń so ẹṣin mọ́ ẹrù. Okùn awọ náà ti pín sí méjì. Ray gbé e wá, ó ní kí Bàbá bá òun rán an pọ̀, òun fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri kí àwọn ọmọ-ọmọ òun lè máa rí i.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá gbé ẹnu awọ náà sún mọ́ fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé awọ yìí ò já, wọ́n gé e ni. Ó ní awọ tó bá já, ẹnu rẹ̀ máa ń ya bí irun. Èyí mọ́ tónítóní. Ó ṣàlàyé fún Ray pé ẹṣin mélòó kan ni wọ́n máa ń so pọ̀ láti fa ìbọn kan. Bí ọta bá pa ọ̀kan, àwọn yòókù ò lè kúrò lójú kan, òkú ti dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń dà wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, á yọ ọ̀bẹ, á gé òkú náà kúrò lára alààyè.

Ojú Ray pọ́n. Ó ní, "Wọn ò sọ ìyẹn fún wa rí. Wọ́n ní ó fẹ́ràn àwọn ẹṣin rẹ̀."

Bàbá ní, "Bóyá ó fẹ́ràn wọn."

"Sáà bá mi rán an. Mo fẹ́ kó wà lódindi."

"Rárá."

Ray pariwo. Bàbá pariwo. Màmá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó ní ṣé torí awọ tó ti gbẹ ni àwọn àgbàlagbà méjì ṣe fẹ́ pa ara wọn. Ray gbé awọ rẹ̀, ó lọ, kò sì kí wa títí ewé fi wọ́ tán lára igi. Mo bi Bàbá pé kí ló ṣe tí kò kúkú rán an fún ọkùnrin náà, kó lè sinmi. Ó ń pa ìda sára òwú nígbà náà, kò wojú mi. Ó ní, "Bí mo bá rán an, mo ti sọ pé ẹṣin yẹn ò kú."

Kò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Àwọn tó wá bá wa dárò rò pé àwa la kọ̀ ọ́, pé ayé òyìnbó ti gba ọmọ lọ́wọ́ àṣà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi fúnra mi bẹ̀ ẹ́. Ọdún tí mo jáde ilé ìwé ni, kí n tó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín tí mo ṣì ń bá ṣe títí di òní. Mo wọ inú ahéré rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ kọ́ mi." Ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó fi ń lu awọ lé mi lọ́wọ́. Ó ká ìka mi lé e, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo rò pé a ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba irin náà padà.

Mo ní àwọn èèyàn ṣì ń wá iṣẹ́ yìí. Mo ní àwọn tó ń wọ aṣọ sójà àtijọ́ gun ẹṣin ní ọjọ́ ìrántí ogun ń bẹ̀, wọ́n ń gbé gàárì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ó ní, "Àwọn yẹn ń ṣeré. Eré á sú wọn."

"Tó bá sú wọn, ẹ̀yin ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹ fẹ́ kó bá yín lọ ni?"

Ó gbọn èérún awọ kúrò lórí itan rẹ̀. Ó ní nígbà tí bàbá òun ń kọ́ òun, ẹṣin ti kúrò lójú pópó, ọkọ̀ ti gbòde. Bàbá òun mọ̀, ó sì kọ́ òun síbẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ dá wà nínú rẹ̀. Ó ní òun náà ti wá dá wà nínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, òun mọ bó ṣe rí. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi kí n jáde. "Àbẹ̀kẹ́, mi ò ní kọ́ alààyè níṣẹ́ òkú."

Ohun tí mo jókòó láti sọ gan-an nìyí. Inú rírun ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Màmá lẹ́nu. Jẹjẹrẹ ni, ó ti tàn káàkiri kí wọ́n tó rí i. Mọ́mì, Fúnkẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni; òun ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún wọn, pé kò sí ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n máa dín ìrora kù lọ. Wọ́n gbé Màmá wálé. Kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, a sì tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí pálọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ gàárì.

Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Barking ni Màmá ń lọ. Wòlíì wọn wá ń gbàdúrà fún un. Mo fẹ́ sọ òótọ́ nípa ọkùnrin náà: èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń gbé ẹrù nílé ìkẹ́rùsí kan létí odò, tó sì ń bọ́ láti ibi iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa láìjẹun. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa rí. Lọ́jọ́ kan, ó dákẹ́ láàárín àdúrà. Ó la ojú, ó ń wo gàárì.

Ó ní, "Màmá, mo ń rí ẹṣin. Wọ́n pọ̀. Wọ́n dúró yí ibùsùn yín ká, wọn ò rí ibi dùbúlẹ̀."

Mi ò mọ̀ bóyá Màmá ti sọ ìtàn náà nínú ìjọ rí. Ó ṣeé ṣe. Wòlíì ní nǹkan ogun ni gàárì náà, pé ikú tó gbé bọ̀ láti inú igbó ló jókòó sínú ilé, pé wọ́n gbọ́dọ̀ tú u ká, kó má kù ní odindi. Mọ́mì dìde. Ó ní, "Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, mo fojú mi rí i." Bàbá kàn ní, "A ti gbọ́," ó sì sin Wòlíì dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ilé rọ̀, Màmá pè é.

"Bàbá Fúnkẹ́."

"Hẹn."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò gbà á gbọ́."

"Mi ò gbà á gbọ́."

"Èmi gbà á gbọ́."

Bàbá fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní òun lè gbé gàárì náà lọ sí gáréèjì Ray, kó kúrò lójú rẹ̀. Òun àti Ray ti parí ìjà nígbà náà. Màmá mi orí lórí ìrọ̀rí. Ó ní, "Bó bá ṣì wà lódindi níbòmíràn, àwọn ẹṣin náà ṣì wà lórí ìdúró nìyẹn. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí, Bàbá Fúnkẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé, Mọ́mì wà níbi iṣẹ́. Bàbá nu ògiri bó ṣe máa ń ṣe. Ó fa kọ́tìnnì kúrò lójú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìrọ̀rí gbé orí Màmá sókè kó lè ríran síta. Lẹ́yìn náà ó gbé gàárì náà mọ́ àyà, ó gbé e lọ sórí koríko.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ tú u. Ó wá ẹnu òwú, ó ń fi irin ṣóńṣó kọ́ ọ jáde bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n òwú bàbá rẹ̀ ò gbà. Gbogbo ọdún yẹn, kò rọ̀, kò gbó, ó ti di ara kan náà pẹ̀lú awọ. Mo rí i tó ń gbìyànjú, tó sì ń gbìyànjú. Ó fi irin náà sílẹ̀. Ó wọ inú ahéré, ó gbé ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ jáde, èyí tó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Awọ àlùkẹ́ḿbù ló kọ́kọ́ gé. Lẹ́yìn náà, ọ̀já abẹ́ ikùn, etí gàárì lọ́tùn-ún lósì, ìjókòó. Kò kánjú. Ó ń gé e wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, débi tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè rán nǹkan kan jáde nínú rẹ̀ mọ́. Mo jáde lọ bá a, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é." Ó ní, "Lọ jókòó ti ìyá àgbà rẹ."

Mo wọlé. Màmá ń wò ó láti ojú fèrèsé, kò ṣẹ́jú. Omi ń dà lójú rẹ̀ sí etí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àṣé ọkùnrin yìí fẹ́ràn mi tó báyìí."

Nígbà tí Bàbá parí, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ó pẹ́ tó ń wẹ̀ ẹ́. Ó wá dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ọkùnrin tí kò gbà gbọ́, tí kò gba òwe gan-an láyè kó parọ́ fún un. Ó ní, "Ìyá Fúnkẹ́, wọ́n ti dùbúlẹ̀."

Màmá sùn lọ́jọ́ yẹn bí kò ṣe sùn láti ìgbà pípẹ́. Ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀ pẹ̀lú ẹja. Ó rẹ́rìn-ín sí Ray láti ojú fèrèsé. Àwọn ará ìjọ wá kọrin ọpẹ́ ní pálọ̀, Wòlíì sunkún ayọ̀. Èmi gan-an, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá. Bàbá ò rò ó. Kí oṣù yẹn tó parí, ìrora náà padà pẹ̀lú agbára tí oògùn ò ká mọ́, Màmá sì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí Mọ́mì ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀bẹ ò lè gé irin. Irin méjèèjì tó tẹ̀ bí afárá náà ṣì wà lórí koríko, òjò ti ń rọ̀ sí wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Bàbá kó wọn sínú báàgì, a gbé wọn lọ síbi tí kánsù ti ń gba irin àlòkù. Mo ní ṣé kí a má kúkú tọ́jú ìyẹn. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ nawọ́ sí ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti bàjẹ́ jọ sí. Bàbá jù wọ́n síbẹ̀, wọ́n dún, ó sì ti yíjú padà. Ó ní, "Irin kì í ṣe gàárì."

Mọ́mì ò lè gbé e mì. Ó gbé e fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bú jáde nínú ilé ìdáná. Ó ní, "Bàbá, ohun kan ṣoṣo tó kù fún wa láti ọ̀dọ̀ bàbá yín, ẹ gé e lásán. Kò wo Màmá mi sàn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó gé e?"

"Fúnkẹ́, ìyá rẹ máa kú. Ṣé kó wá kú, kó máa rò pé gàárì wù mí jù ú lọ?"

Mọ́mì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé aṣọ ìnuwọ́ bojú. Èmi ni mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo bi í ní ìbéèrè tí mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ á ràn wá lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ó kéré tán, ṣé ìyẹn tù yín nínú?"

Ó rò ó. Mo rí i pé ó rò ó lóòótọ́. Ó ní, "Rárá."

Kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà náà. Ó dá ìjánu àti gàárì àwọn èèyàn padà fún wọn bí wọ́n ṣe gbé wọn wá, láìrán. Àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ dípẹtà. Ó dáwọ́ ògiri nínù dúró pẹ̀lú, nǹkan dúdú náà sì jáde láti igun, ó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ pálọ̀, Bàbá sì ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń mí in sínú. A bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá wa gbé ní Eastbury, níbi tí èmi àti Mọ́mì ti kó lọ nígbà náà. Kò wá. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ó wọ àyà. Ní ilé ìwòsàn, dókítà fi àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ hàn wá, kò sì sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Wòlíì wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, ó ṣì wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yòò. Ó ti darúgbó ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Bàbá ní oògùn ìrora, ó ní kí a má pẹ́. Wòlíì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, lójú gbogbo aláìsàn tó wà ní yàrá náà.

Ó ní, "Bàbá, mo rí wọn lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé mo rí wọn. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, mi ò mọ ohun tí mo rí mọ́. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá la ojú. Ó wò ó. "Ikú lo rí. Ó wà nínú ilé lóòótọ́. Inú gàárì ni kò sí."

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́tipẹ́." Ó mí, ó tún mí. "Kò tún nǹkan kan ṣe."

Wòlíì ń sunkún láìpariwo. Ó bi í bóyá òun lè gbàdúrà fún un. Bàbá wo àjà. Ó ní, "Gbà á, tó bá máa tù ọ́ nínú."

Wòlíì gbé ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó fún baba yìí ní oorun, oorun àìnírora. Ojú Bàbá ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Kí àdúrà tó parí, èémí rẹ̀ ti rọlẹ̀, ìrora ti kúrò lójú rẹ̀, ó ti sùn. Kò tún jí. Ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán.

Wòlíì ló kọ́kọ́ rí i pé ó ti sùn. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò jẹ́jẹ́, ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí i, ọmọ mi? Ó gbọ́. Ọlọ́run gbọ́." Mo wo igo oògùn ìrora tó gbé kọ́ sórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà. Mo ní, "Mo rí i, sà."